Irin Tí A Kọ Ilà Fún

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú nǹkan dán lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Ìyá náà kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fọ abọ́ ide tán, á gbé e sókè sí ojú oòrùn, á wo inú rẹ̀. Bí kò bá rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, á gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú ọmọ. Ọmọ á tún bu eérú, á tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe dàgbà. Nígbà tí ó di géńdé, àwọn ènìyàn ń pè é kí ó wá dán ide fún wọn: ọwọ́ ilẹ̀kùn, fìtílà, agogo ilé ìjọsìn. Ohun tí ó gbà gbọ́ kò pọ̀. Ó gbà pé Ọlọ́run wà. Ó sì gbà pé ohun tí kò bá tíì dán, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ni kò tíì ṣe tán.

Ìgbà yí padà. Àwọn ènìyàn kò ra ide mọ́. Ike ni wọ́n ń rà, àti irin funfun tí kò nílò ẹni tí yóò dán an. Ọkùnrin náà wá iṣẹ́ lọ, ó sì rí i ní ilé ìwòsàn ojú kan tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá iṣẹ́ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Obìnrin kan ni ọ̀gá yàrá náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ṣe irin tí ń darí ìmọ́lẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní ẹ̀rọ kan tí ń ta ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ta ọfà. Ìmọ́lẹ̀ náà lè jó àrùn kúrò nínú ojú láìlo ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kò ní làákàyè. Tààrà ni ó ń lọ, ohun tí ó bá sì bá níwájú ni ó ń jó, ì báà jẹ́ àrùn, ì báà jẹ́ ojú. Irin tí obìnrin náà ń ṣe ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ọ̀nà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan irin náà, ó lè yà, ó lè pín, ó lè kó ara jọ, bí obìnrin náà bá ṣe fẹ́.

Ọkùnrin yìí kò mọ èyí. Kò sí ẹni tó sọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Kí ó gbálẹ̀, kí ó nu fèrèsé, kí ó fọ irinṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá fún un ní ọjọ́ tí ó gbà á.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, epo ni ọ̀tá wa níbí. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí epo, ẹ bá mi mú un kúrò kí n tó dé.”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màdámù. Èmi àti epo kò lè jọ gbé ilé kan.”

Ó sì pa òfin náà mọ́.

Àwọn aláìsàn máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ìta ilé ìwòsàn. Màmá àgbà kan wà láàrin wọn, ahunṣọ òfì ni. Ohun kan ń hù nínú ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí ẹyinjú rẹ̀ ká bí koríko ṣe ń yí kànga ká. Ti ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹnu kànga. Ti ọ̀tún ṣì ku díẹ̀. Aṣọ kan wà lórí òfì rẹ̀ nílé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò lè parí, nítorí kò dá òwú aró mọ̀ yàtọ̀ sí òwú dúdú mọ́. Ó ti fi aṣọ bo òfì náà. Ohun tí ó ń wá kò ju kí ó padà jókòó sí ìdí rẹ̀ lọ.

Ẹnu màmá yìí mú. Ó ti gbọ́ pé dídán ni iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó sì sọ ọ́ ní Ódánmọ́rán.

Láràárọ̀ ni yóò máa pè é. “Ódánmọ́rán, ṣé o ti dán oòrùn òní? Ó ṣú lójú mi.”

“Mo ti dán an, Màmá. Ojú yín ló kù.”

“Bí wọ́n bá la ojú mi, ìwọ ni màá kọ́kọ́ wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ alára ń dán.”

“Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Mo dúdú bí ìdí ìkòkò.”

Àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì á rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò ní ìyá láyé mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nítorí màmá yìí ni ó fi ń tètè dé ibi iṣẹ́.

Dókítà ti sọ fún ọ̀gá obìnrin nípa ojú màmá náà. Ó ní bí òun bá ta ìmọ́lẹ̀ lásán sí i, á jó koríko, á sì jó kànga. Òrùka ni òun ń fẹ́: ìmọ́lẹ̀ tó yípo, tó sì ṣókùnkùn láàrin, kí iná lè jó àyíká kí ó má sì kan ẹyinjú. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ irin náà nígbà tí ọyẹ́ ń mú. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ kí ó tó parí rẹ̀. Irin náà kò tó èékánná àtàǹpàkò.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún màmá pé. Obìnrin náà ti yọ irin náà kúrò nínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó fi í sórí aṣọ funfun lórí tábìlì, kí ó lè wà ní sẹpẹ́, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé èyí ni wọn yóò lò fún ojú màmá. Ní àárọ̀, ọkùnrin wa ni ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Oòrùn wọlé lójú fèrèsé, ó bọ́ sórí irin náà, ọkùnrin náà sì rí i pé àwọ̀ ń yí lára rẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, bí ó bá sún sọ́tùn-ún wọ́n á yí, bí ó bá sún sósì wọ́n á tún yí.

Ó mọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, bí òjò bá dá, tí epo mọ́tò bá léfòó lórí omi ọ̀gbàrá, àwọ̀ tí a máa ń rí nìyẹn.

Ọkùnrin náà ronú pé, “Epo ti ta sí i. Irin yìí sì ni wọ́n fẹ́ lò fún ojú Màmá.”

Ó lọ sí ilé ìdáná àwọn aláìsàn, ó bu eérú, ó fi aṣọ jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó fi orí àtàǹpàkò ra irin náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń fọ orí ọmọ tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn àwọ̀ náà lọ. Nígbà tí ó fi omi ṣàn án, tí ó gbé e sí ojú oòrùn, ó rí ẹyin ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó mọ́ kedere. Ó gbé e padà sórí aṣọ funfun, ó sì jáde lọ kí màmá.

“Màmá, ọjọ́ yín á dára.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Mo mọ ohun tí mo ṣe.”

Nígbà tí ọ̀gá obìnrin dé, ó fi irin náà sínú ẹ̀rọ kí ó lè kọ́kọ́ dán an wò lára ògiri. Kò sí òrùka. Ojú iná kan ṣoṣo ni ó bọ́ sára ògiri, ó funfun, ó ń tàn yanran, ọ̀dà ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó yọ irin náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó wá pe ọkùnrin náà wọlé.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló fọwọ́ kan irin yìí?”

“Èmi ni, Màdámù.” Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. “Epo ti ta sí i. Mo ti bá yín mú un kúrò.”

Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá àga, kò rí i, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà.

Obìnrin náà dìde. Ó ṣí àpótí, ó mú irin mìíràn jáde, èyí tí ó fi máa ń kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, tí agbára rẹ̀ kò tó láti wo ojú ènìyàn sàn. Òun náà ní àwọ̀ epo lára. Ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó ní kí ọkùnrin náà wo ògiri. Òrùka ìmọ́lẹ̀ kan hàn níbẹ̀, ó yípo pérépéré, àárín rẹ̀ dúdú. Ó yọ ọ́, ó fi èyí tí ọkùnrin náà fọ̀ sí i. Ojú iná kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà wo èkíní, ó wo èkejì.

Obìnrin náà ní, “Kì í ṣe epo, Ẹ̀gbọ́n. Ilà ni.”

“Ilà?”

“Àwọn tí a jọ kàwé ń pè é ní ìlà. Èmi a máa pè é ní ilà, nítorí pé kíkọ ni mo kọ ọ́. Ẹ ti ro oko rí. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ibi tó wù ú ló ń ṣàn lọ. Bí ẹ bá ti kọ ebè, poro ni yóò gbà. Bí mo ṣe kọ irin yẹn nìyẹn. Àwọn poro rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lè sùn sórí irun kan. Ojú lásán kò lè rí wọn. Àwọ̀ tí ẹ rí yẹn nìkan ni ó ń sọ fún ènìyàn pé wọ́n wà níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àbàjà ni wọ́n kọ fún un ní kékeré. Obìnrin náà rí ọwọ́ náà.

Ó ní, “Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn yín, tí ó bu eérú, tí ó fún ọsàn, tí ó sì fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín títí gbogbo ilà yín fi lọ, ṣé ó ti mú yín mọ́?”

Ọkùnrin náà ronú. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé ogun kó bàbá ńlá rẹ̀ lọ ní kékeré, pé ọdún gorí ọdún kí ẹnì kan tó rí i lọ́jà ìlú òkèèrè, tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ní, “Ọmọ wa nìyí,” tó sì fà á lọ́wọ́ wálé.

Ó ní, “Rárá, Màdámù. Ó ti mú mi sọnù ni.”

Obìnrin náà kò lé e. Ó ní, “Èmi náà jẹ̀bi. Mo fi ọ̀tá hàn yín, n kò fi ọ̀rẹ́ hàn yín.” Ó yípadà láti lọ sọ fún màmá lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fúnra òun sọ ọ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá náà lójú gbogbo ènìyàn. Ó sọ ohun tí ó ṣe, kò gé e kúrú. Màmá náà gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Ọsàn wẹ́wẹ́ lo fi fọ̀ ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Àti eérú? O jọ̀ ọ́?”

“Mo jọ̀ ọ́.”

“Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fa ìborùn rẹ̀ bojú, ó sì sunkún, ọkùnrin náà sì jókòó tì í nílẹ̀ títí wọ́n fi wá mú màmá lọ sílé.

Ọ̀gá obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kánjú. Òjò rọ̀, ó dá, àgbàdo tuntun jáde, koríko inú ojú màmá náà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ojú òsì rẹ̀ kú kí irin tuntun tó parí. Kò sí ohun tí a lè fi bo èyí. Ọkùnrin náà ṣì ń fọ nǹkan, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Kí ni èyí ń ṣe?”

Nígbà tí irin náà parí, wọ́n fi òrùka ìmọ́lẹ̀ náà sí ojú ọ̀tún màmá. Ọkùnrin náà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé ṣé a kò lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún òkùnkùn àárín rẹ̀ ni.

Obìnrin náà ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìmọ́lẹ̀ kò tó dé ibẹ̀. Inú òkùnkùn yẹn ni Màmá yóò ti máa ríran.”

Ní ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, màmá ní kí wọ́n pe Ódánmọ́rán wá. Ó fi ojú kan tó kù wò ó láti òkè délẹ̀. Ó fi ìka tọ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“O ò dán rárá,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́.”

Ó padà sí ìdí òfì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá òwú aró mọ̀ yàtọ̀ sí òwú dúdú.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo ń pa àkàwé yìí fún. O wá bá mi lánàá níbi tí a ti ń po sìmẹ́ǹtì, o ní kí n bá ọ bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀. O ní láti ìgbà tí Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ yín ti kú, obìnrin náà kò padà sí bí ó ṣe wà. O ní bí wọ́n bá pè é ní Ìyá Gbádébọ̀, kì í dáhùn, bẹ́ẹ̀ Gbádébọ̀ wà láàyè, ó ń sáré kiri inú ilé. O ti kó aṣọ Rẹ̀mílẹ́kún lọ fún àwọn ẹlòmíràn. O ti já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. O ti kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò kí wọ́n má pe orúkọ náà mọ́, kí ọkàn ìyàwó rẹ lè mọ́.

N kò bá ọ wí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Eérú tí o bu, o jọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí o rí lára ìyàwó rẹ kì í ṣe epo.

Ṣé o kò ṣe àkíyèsí rẹ̀ ni? Nígbà tí oyún bàjẹ́ lára obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín, gbogbo wa ló lọ, gbogbo wa ló ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ nìkan ló gbé omi gbígbóná wọ yàrá, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì jókòó tì í láìwí nǹkan kan. Òun nìkan ni obìnrin náà jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òun. Ta lo rò pé ó kọ́ ọ níbi tó yẹ kí ọwọ́ dé àti ibi tí kò yẹ kí ó dé? Ojú ilà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà. Bí o bá fọ̀ ọ́ títí ó fi dán, á máa tàn, òótọ́ ni. Á máa tàn bí irin tí ọkùnrin yẹn fọ̀, kò sì ní mọ ibi tí ó ń lọ.

Wọ́n sọ fún yín lọ́jọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún kú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò jà á níyàn. Ṣùgbọ́n omi náà ní orúkọ.

Nítorí náà n kò ní bá ọ lọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ. Bí o bá délé, má tíì wọlé. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí o pè é ní Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ti pẹ́ tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí ó bá sunkún, jókòó tì í. Bí ìwọ náà bá sunkún, jẹ́ kí ó rí i, nítorí ilà kan náà ni wọ́n kọ fún ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ lo ń fi ọwọ́ bo tìrẹ.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, máa lọ sílé.